Ògiri Funfun Ilé Iyọ̀

Ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ìgbìmọ̀ ìlú wa fọwọ́ sí i pé kí wọ́n kun gbogbo ògiri tó kọjú sí òkun ní àwọ̀ ojú ọ̀run. Ìlú fẹ́ ṣe àjọyọ̀ àádọ́jọ ọdún tó ti di olú ìlú ẹkùn, wọ́n sì fẹ́ kí àlejò tó bá ń wo etíkun láti ojú omi má mọ ibi tí ilé parí sí àti ibi tí òfúrufú ti bẹ̀rẹ̀. Ilé mọ́kànlélógójì ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Kìkì ilé tí orúkọ rẹ̀ bá wà nínú ìwé ilé àtijọ́ ni àwọn akunlé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn.

Èmi ni mo ń tọ́jú ìwé ilé àtijọ́. Ọdún kọkànlélógún rèé tí mo ti wà lẹ́nu rẹ̀, nínú yàrá kan tó ní fèrèsé kan, tábìlì méjì àti kọ́bọ́ọ̀dù onírin tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í pa dé àfi tí a bá fi orúnkún tì í. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ bí sùúrù ènìyàn ṣe ń tán, kó wá máa bá àwọn ọmọ ìlú yìí sọ̀rọ̀ nípa ìtàn ìlú wọn.

Ìtàn náà kò gùn. Iyọ̀ ló bí wa. Àwọn tó kọ́kọ́ tẹ ibí dó ń fa omi òkun sínú kòtò, oòrùn ń gbẹ ẹ́, ọkọ̀ ń wá kó iyọ̀ tó bá ṣẹ́kù. Lẹ́yìn náà ni gómìnà àkọ́kọ́ gba ibí kọjá. Ìlú mìíràn tó tóbi jù wá lọ ni wọ́n rán an sí, ọjọ́ méjì sí i lójú omi, ṣùgbọ́n èébì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí rẹ̀ lọ́nà. Nígbà tó fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ wa, ó ní òun kò tún ní wọ ọkọ̀ mọ́ láyé òun: ibi tí òun dúró sí yẹn náà ni olú ìlú. Ìwé àjọyọ̀ sọ pé ẹwà èbúté wa ló dá a dúró. Mo ti ka lẹ́tà tí dókítà rẹ̀ kọ, mo sì ti fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ilé mẹ́tàdínlógún ló wà nínú ìwé náà. Ilé iná orí òkè tó ń tàn fún ọkọ̀ lóru wà níbẹ̀, àti ilé aṣọ́bodè, àti ilé ẹjọ́, àti àtẹ̀gùn olókùúta tó sọ̀ kalẹ̀ láti àárín ìlú sí èbúté, àti ilé aago tí aago rẹ̀ ti kú kí wọ́n tó bí mi. Mẹ́ta nínú wọn wọ ìwé nítorí pé ibẹ̀ ni gómìnà àkọ́kọ́ sùn ní òru tó dé. Ilé mẹ́ta, òru kan, ọkùnrin kan tí ara rẹ̀ kò yá. Nígbà tí mo sọ pé èyí kò bọ́gbọ́n mu, wọ́n dá mi lóhùn pé ìdílé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́.

Ilé iyọ̀ kò sí níbẹ̀. Ó wà ní ìpẹ̀kun èbúté, ó gùn, kò ní fèrèsé, ẹyẹlé ló ń gbé inú rẹ̀. Gbogbo ohun tó ní ni ògiri gíga kan tó kọjú sí òkun, tí àwọn apẹja máa ń kùn ní funfun lọ́dọọdún láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán wọn níṣẹ́.

Ní aago mẹ́ta ọ̀sán ọjọ́ Ajé náà, àbúrò mi wọ ọ́fíìsì mi pẹ̀lú bàtà rọ́bà rẹ̀. Apẹja ni. Òun àti ọkùnrin mẹ́ta ni wọ́n jọ ń lo ọkọ̀ rẹ̀. Omi ń kán láti etí aṣọ rẹ̀ sórí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́."

"Bọ́ bàtà rẹ."

"N kò ní pẹ́. Ẹ bá mi fi ilé iyọ̀ sínú ìwé yín yẹn."

"Nítorí kí ni?"

"Ògiri ẹ̀ gbọ́dọ̀ funfun."

"Mo ní nítorí kí ni."

"Ẹ ṣáà mọ̀."

Mo mọ̀ ọ́n ní ìdajì. Ní ẹnu èbúté wa, àpáta kan wà lábẹ́ omi. Ìyá Ọkọ ni àwọn apẹja ń pè é, nítorí pé bí o kò tilẹ̀ rí i, o mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, ó sì ń retí àṣìṣe rẹ. Ọ̀nà tó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá kò fẹ̀ ju ilé méjì lọ. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé yóò dúró sí ojú kan lójú omi, yóò wo ilẹ̀, yóò fi ojú so nǹkan méjì pọ̀ títí ọ̀kan yóò fi wà lábẹ́ èkejì gẹ́lẹ́. Bí wọ́n bá ti so pọ̀, kó máa bọ̀, títí yóò fi dé ibi tó ti gbọ́dọ̀ yà. Ògiri ilé iyọ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú nǹkan méjì náà. Èkejì ńkọ́? N kò mọ̀. Níbo ni wọ́n ti ń yà? N kò mọ̀.

Àwọn atọ́nà ọkọ̀ ló fà á. Láyé àtijọ́, ọkọ̀ ńlá kan kò lè wọ ibí láìjẹ́ pé atọ́nà láti ìlú wa lọ pàdé rẹ̀ ní agbami, kó gun un, kó sì mú un wọlé. Kí iṣẹ́ wọn má bàa bọ́, wọ́n búra pé àmì èbúté kò gbọdọ̀ dé orí ìwé láéláé. Ẹnu sí etí ni, ẹnìkan sí ẹnìkan, pẹ̀lú ọwọ́ nínú ọwọ́. Bàbá wa ni atọ́nà tó gbẹ̀yìn. Ọkọ̀ ńlá ti ní èbúté tuntun ní òdìkejì ìlú báyìí, ẹ̀rọ ló sì ń tọ́ wọn. Àwọn apẹja nìkan ló ṣẹ́kù sí ọ̀nà àtijọ́, nítorí ọmọ àti ọmọ-ọmọ atọ́nà ni gbogbo wọn, baba kálukú sì ti sọ ọ́ sí i létí.

Nítorí náà, ogójì ọkùnrin ló mọ àṣírí yìí, wọ́n sì ń fi í wọlé lójoojúmọ́ ní gbangba, lójú oòrùn. Èmi tí ìjọba gbà síṣẹ́ láti mọ ìlú ni wọ́n fi pamọ́ fún.

"Sọ ọ́ fún mi," mo ní, "kí n kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù. Fọ́ọ̀mù náà ní ibi tí wọ́n ti béèrè ìdí."

"Kí ẹ kọ ọ́ kẹ̀?" Àbúrò mi sún sẹ́yìn bí ẹni tó rí ejò. "Bàbá á pa mí."

"Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin. Kí ni yóò fi pa ọ́?"

"Ẹnu."

"Kí ni kí n wá kọ?"

"Ẹ wá nǹkan kan kọ. Ṣebí ẹ̀yin lẹ kàwé."

Ó jáde. Ipasẹ̀ omi rẹ̀ wà nílẹ̀ títí ọ́fíìsì fi tì.

Ọ̀gá mi kéré sí mi ní ọdún mẹ́jọ, ó sì mọ̀wàhù. Ẹ̀rí-Dà ni gbogbo òṣìṣẹ́ ń pè é lẹ́yìn rẹ̀, nítorí pé bí o bá sọ fún un pé òjò ń rọ̀, yóò ní kí o kọ́kọ́ fi agbòòrùn rẹ tó tutù han òun. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo gbé fọ́ọ̀mù síwájú rẹ̀.

"Ilé iyọ̀?" ó ní. "Èyí tí ẹyẹlé ti sọ di ilé ìyàgbẹ́?"

"Òun náà ni, sà."

"Ta ló sùn síbẹ̀ rí?"

"Kò sí ẹni tó sùn síbẹ̀. Iyọ̀ ló wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn apẹja ń fi ògiri ẹ̀ mọ ọ̀nà. Bí ẹ bá kùn ún ní àwọ̀ ojú ọ̀run, wọn ò ní rí i mọ́, wọ́n á sì kọlu àpáta."

"Báwo ni wọ́n ṣe ń fi mọ ọ̀nà?"

"N kò mọ̀, sà."

"Ta ló mọ̀?"

"Bàbá mi."

"Níbo ló kọ ọ́ sí?"

"Kò kọ ọ́."

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó sì fi etí ẹ̀wù nù ún. "Màmá, ẹ̀rí dà?"

"Ẹ̀rí wà lójú omi."

"Fáìlì kì í lúwẹ̀ẹ́." Ó tún awò náà fi sójú. "Ẹ jọ̀wọ́, ṣé gómìnà àkọ́kọ́ kò tilẹ̀ yà síbẹ̀? Ọkùnrin tó sùn sí ilé mẹ́ta lóru kan ṣoṣo, ẹsẹ̀ ẹ̀ á yá débi ilé kẹrin."

"N kò lè kọ irọ́ sínú ìwé tí èmi fúnra mi ń tọ́jú."

"Mo mọ̀. Ẹ̀yin nìkan ni mo sì lè fi irú ọ̀rọ̀ yẹn ṣeré pẹ̀lú nínú ilé yìí." Ó dá fọ́ọ̀mù padà. "Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni mo máa ti ìwé náà. Bí ẹ bá rí nǹkan tó wà lórí tákàdá, ẹ mú un wá."

Mo lọ sí ilé aṣọ́bodè, níbi tí wọ́n kó ìwé èbúté àtijọ́ sí ní àjà kejì. Mo jókòó tì wọ́n fún wákàtí márùn-ún. Ìwé iṣẹ́ Bàbá wà níbẹ̀ ní pípé, ọdún méjìdínlógójì, ìwé mẹ́rìnlá. Mo ka gbogbo rẹ̀. Ọkọ̀ ẹgbẹ̀rún méjì àti mẹ́rìndínlógún ló mú wọ ìlú yìí, ohun tó sì kọ sí iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, láìfi ẹyọ kan sílẹ̀, ni: "Mo mú un wọlé. Kò sí wàhálà." Nígbà tí ìjì ńlá wó ògiri èbúté, tí mo wà ní ọmọ ọdún mọ́kànlá, tí ìyá mi fi ọjọ́ méjì jókòó sẹ́nu ọ̀nà tó ń wo òkun, ohun tó kọ ni: "Mo mú un wọlé. Kò sí wàhálà."

Ìwé kan ṣoṣo ló wúlò díẹ̀. Ẹ̀sùn ni. Ọ̀gá ọkọ̀ àjèjì kan ló kọ ọ́ sí olórí èbúté: "Ọkùnrin yìí ní kí èmi tí mo ni ọkọ̀ kọjú sí agbami bí ọmọ tí wọ́n ń fìyà jẹ, títí a fi gúnlẹ̀. Nígbà tí mo fẹ́ bojú wẹ̀yìn, ó dá ọkọ̀ dúró." Olórí èbúté fèsì ní ìlà kan: "Ṣé ẹ gúnlẹ̀ ní àlàáfíà?"

Mo ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún ọ̀gá mi. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó sì rẹ́rìn-ín débi pé ó ní láti mu omi. Lẹ́yìn náà, ó sọ pé ìwé yìí jẹ́ ẹ̀rí pé bàbá mi lágídí, ṣùgbọ́n kò sọ nǹkan kan nípa ògiri.

Ní ọ̀sán ọjọ́rú, mo gbààyè lọ sílé. Èmi àti Bàbá là ń gbé láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú. Mo bá a nídìí tábìlì, ó tú rédíò ká sórí ìwé ìròyìn, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì eyín nu inú rẹ̀.

"Bàbá, ẹ kú ìsinmi."

"Ta ló ń sinmi?"

"Lọ́la ni wọ́n máa kun ilé iyọ̀."

"Mo gbọ́."

"Ẹ bá mi dé ọ́fíìsì, kí ẹ sọ ohun tí ògiri náà wà fún. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni."

"Rárá."

"Ẹ sọ ọ́ fún mi níbí, kí n kọ ọ́."

"Ìyẹn tún burú ju èkíní lọ."

Mo jókòó. Mo ti pinnu lọ́nà pé n kò ní gbé ohùn sókè. "Bàbá, ọkọ̀ ńlá kò gba ibẹ̀ mọ́. Atọ́nà mìíràn kò sí láyé mọ́. Ta lẹ ń pa àṣírí yìí mọ́ fún?"

"Ẹni tí mo búra fún."

"Ó ti kú láti ọdún mọ́kàndínlógójì sẹ́yìn. Èmi ni mo kọ ọ̀rọ̀ ara ibojì ẹ̀."

"Ṣé ó sọ nígbà tó ń lọ pé òun dá mi sílẹ̀?"

"Òkú ò lè dá ẹnikẹ́ni sílẹ̀."

"O ò rí i pé ọ̀rọ̀ ti dópin." Ó fẹ́ atẹ́gùn sínú rédíò. "Ẹyin lohùn. Bó bá bọ́ lọ́wọ́, kì í ṣe é kó."

"Ọmọ yín ló ń gba ibẹ̀ wọlé."

"Ó mọ̀nà."

"Yóò mọ̀nà pẹ̀lú ògiri tí kò rí?"

"Wọn ò ní kùn ún. Ta ni orí ẹ̀ máa dàrú tó bẹ́ẹ̀?"

"Ìgbìmọ̀ ìlú, Bàbá. Wọ́n ti fọwọ́ sí i."

"Wọ́n á gbàgbé," ó ní, ó sì mú búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Ọmọ ìlú yìí ni lóòótọ́. Ní gbogbo ayé rẹ̀, ohun tí ìgbìmọ̀ bá ní àwọn fẹ́ ṣe ni ohun tí wọn kì í ṣe.

Wọn kò gbàgbé. Ní aago mẹ́jọ àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, àkàbà mẹ́ta ti wà lára ilé iyọ̀. Mo dúró nísàlẹ̀, mo sì bẹ ọ̀gá àwọn akunlé pé kó fi ilé yìí ṣe ìgbẹ̀yìn.

"Màmá, ìwé iṣẹ́ mi rèé," ó ní láti òkè. "Gbogbo ògiri tó kọjú sí òkun. Ṣé ògiri kọ́ lèyí?"

"Ògiri ni."

"Ṣé kò kọjú sí òkun?"

"Ó kọjú sí i."

"Ẹ má bínú, ẹ kúrò níbẹ̀, kí ọ̀dà má bàa ta sí yín láṣọ."

Ọ̀dà ta sí mi láṣọ. Nígbà tí oòrùn fi kan àtàrí, ìdajì ògiri ti di búlúù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Mo rìn dé orí ìdènà omi, mo sì bojú wẹ̀yìn. Ìdajì yẹn kò sí níbẹ̀ mọ́. Àwọn akunlé mọ iṣẹ́ wọn.

Ní aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àbúrò mi wọlé bá èmi àti Bàbá nílé. Kò wọ bàtà kankan. Ẹ̀wù rẹ̀ ya láti èjìká dé ìgbúnwọ́.

"Ìyá Ọkọ kí mi lónìí," ó ní, ó sì jókòó sílẹ̀, kì í ṣe sórí àga. "Ìtọ́kọ̀ ti lọ. Ìdí ọkọ̀ ti là. Ọ̀kan nínú àwọn tó wà pẹ̀lú mi ṣubú sómi. A fi okùn fà á, apá ẹ̀ ti kán. Ọkọ̀ márùn-ún ṣì wà níta. Wọ́n rí wa, wọn ò fẹ́ wọlé mọ́ àfi kí omi kún dáadáa."

Bàbá gbé búrọ́ọ̀ṣì kalẹ̀. "Apá ibo ni wọ́n ti kùn?"

"Apá òsì, títí dé àárín."

"O wá ro pé ibi tí funfun bẹ̀rẹ̀ ni etí ògiri."

"Bẹ́ẹ̀ ni mo rò. Kùrukùru díẹ̀ wà. Mo so etí yẹn pọ̀ mọ́—"

Àwọn méjèèjì rántí lẹ́ẹ̀kan náà pé mo wà níbẹ̀. Wọ́n sì yíjú sí mi.

Mo ti lo ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta láyé. Mo tọ́jú ọ̀kan nínú àwọn méjì yìí nígbà tó ń ṣe èéyì, mo sì ń fọ ìbọ̀sẹ̀ èkejì. Mo dìde, mo wọ ilé ìdáná, mo gbé omi kaná, mo sì jẹ́ kí ìdérí ìkòkò dún bó ṣe fẹ́ dún. Láti ibẹ̀, mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Nígbà tí mo gbé tíì jáde, Bàbá ti wà nídìí ilẹ̀kùn, ó ń wá bàtà aláwọ dúdú tó fi ń lọ ìsìnkú.

"Aago mélòó ni ọ̀gá rẹ máa ń dé ibi iṣẹ́?" ó bi mí.

"Mẹ́jọ. Ọ̀la nìyẹn, Bàbá. Ẹ jókòó mu tíì."

Ó jókòó mu tíì pẹ̀lú bàtà náà lẹ́sẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, a dé ọ́fíìsì kí ọ̀gá mi tó dé. Akọ̀wé kí i, agbálẹ̀ kí i, ó dá wọn lóhùn dáadáa. Nígbà tí ọ̀gá mi wọlé, tó sì fún un ní àga, Bàbá kò jókòó. Ó wo yàrá náà yíká.

"Kí àwọn wọ̀nyí jáde," ó ní.

Akọ̀wé jáde. Agbálẹ̀ gbé korobá rẹ̀, ó jáde. Mo dúró pẹ̀lú fọ́ọ̀mù àti bírò lọ́wọ́.

"Ìwọ náà."

"Bàbá, èmi ni mo mú yín wá."

"O ṣeun. Jáde."

Ilẹ̀kùn náà ní gíláàsì. Èmi àti agbálẹ̀ dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, a ń wò wọ́n bí ẹni tó ń wo tẹlifíṣọ̀n tí kò ní ohùn. Bàbá na ọwọ́. Ọ̀gá mi wo ọwọ́ náà, ó rò pé ó fẹ́ bọ òun lọ́wọ́, ó fún un ní tirẹ̀. Bàbá kò jọ̀wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan jáde lẹ́nu Bàbá, ọ̀gá mi tún un sọ tẹ̀lé e. Lẹ́yìn náà ni Bàbá tẹ̀ síwájú sí etí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò gba ìṣẹ́jú méjì. Ọ̀gá mi dìde, ó lọ sójú fèrèsé. Ó wo ìsàlẹ̀ níbi tí ilé iyọ̀ wà, ó gbójú sókè díẹ̀díẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀ pẹ́.

"Kí ni wọ́n ń wò?" agbálẹ̀ bi mí.

"Bi wọ́n."

Ẹ̀rí-Dà fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. "Màmá, ẹ mú fọ́ọ̀mù yẹn wá." Ó fọwọ́ sí i lórí ìdúró. Níbi tí wọ́n ti béèrè ìdí, ó kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta: "Ó yé mi."

Mo ka ọ̀rọ̀ mẹ́ta náà. Ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn, ọkùnrin yìí dá fọ́ọ̀mù ilé ẹjọ́ padà fún mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta nítorí pé òǹtẹ̀ ìwé tí mo mú wá kò hàn dáadáa.

"Ìgbìmọ̀ yóò béèrè ohun tó yé yín, sà."

"Kí wọ́n wá."

"Kí lẹ máa sọ fún wọn?"

"N óò mú alága nìkan," ó ní, "n óò sì ní kí àwọn yòókù jáde."

Lójú mi ló pe ọ̀gá àwọn akunlé. Ó ní kí wọ́n dá iṣẹ́ dúró, kí wọ́n sì dá ògiri náà padà sí funfun kó tó di ìrọ̀lẹ́. Mo gbọ́ tí akunlé ń bi í nídìí. "Nítorí pé mo ní kí ẹ dá a padà," ọ̀gá mi ní, ó sì gbé fóònù kalẹ̀.

Èmi àti Bàbá gba ọ̀nà àtẹ̀gùn olókùúta sọ̀ kalẹ̀, nítorí ó fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí i tí wọ́n ń kùn ún. Àtẹ̀gùn náà jẹ́ mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Ní ìkẹtàlélógún, ó jókòó láti mí. Nísàlẹ̀, àwọn akunlé ti gun àkàbà padà, wọ́n ń ṣépè.

"Bàbá," mo ní, "ẹ ti sọ ọ́ fún ọkùnrin tí ẹ kò rí rí ṣáájú aago mẹ́jọ òní. Ẹ sọ ọ́ fún mi."

"Ṣé o máa búra?"

Mo fẹ́ ní bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ilé tó bá wọ ìwé ilé àtijọ́ ni à ń gbẹ́ àkọlé fún sára irin, ọ̀rọ̀ ọgbọ̀n, láti sọ ìdí tó fi ṣe pàtàkì, èmi ni mo sì ń kọ ọ́. "Bí mo bá búra, n kò ní lè kọ ọ́."

"O mọ̀ bẹ́ẹ̀."

"Bí n kò bá sì mọ̀ ọ́n, n kò ní lè kọ ọ́ náà."

"Ìyẹn náà jẹ́ òótọ́."

"Ẹ̀yin atọ́nà yìí ò dáa rárá."

"A ò ní wàhálà," ó ní.

Mo wo ògiri náà. Funfun ti ń padà bọ̀ láti apá ọ̀tún. Mo ronú nípa ọkùnrin tó kán lápá, àti ọkọ̀ márùn-ún tó fi ìrọ̀lẹ́ àná dúró níta nítorí pé tákàdá kan kò sí. Lẹ́yìn náà, mo na ọwọ́ sí i. Ọwọ́ rẹ̀ le bí pákó. Mo tún ọ̀rọ̀ ìbúra sọ tẹ̀lé e, gbólóhùn mẹ́rin, ó sì tẹ̀ sí mi létí.

Kò ju gbólóhùn méjì lọ. Ó rọrùn débi pé inú bí mi. Nǹkan kejì náà wà nínú ìwé ilé àtijọ́. Mo ti ń kọjá níwájú rẹ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Àkọlé náà ti wà lára ògiri báyìí. Nínú ọ̀rọ̀ ọgbọ̀n, mẹ́tàlá ni mo lò: "Ilé iyọ̀. Iyọ̀ ni wọ́n kọ́ ọ fún. Ògiri rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa funfun." Ọ̀gá mi fọwọ́ sí i. Àwọn àlejò àjọyọ̀ ń dúró níwájú rẹ̀, wọ́n ń kà á, wọ́n ń wo ara wọn, wọ́n sì ń lọ sí àwọn ilé tí gómìnà sùn sí.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọ́n fi akọ̀wé tuntun kan sí yàrá mi láti kọ́ iṣẹ́. Ó dúró lójú fèrèsé ní ọ̀sán, ó ń wo ọkọ̀ àwọn apẹja tó ń bọ̀. Èyí tó ṣáájú jẹ́ ti àbúrò mi, tó ti gba ìtọ́kọ̀ tuntun. Ó ń bọ̀ tààrà, lẹ́yìn náà ó yà sọ́tùn-ún lójijì, láàárín omi tó tẹ́jú, níbi tí ojú kò ti rí nǹkan kan. Èyí tó tẹ̀lé e yà níbẹ̀. Ẹ̀kẹta yà níbẹ̀.

"Ẹ̀yin ìyá mi," ọmọbìnrin náà ní, "kí ló dé tí gbogbo wọn fi ń yà níbì kan náà?"

Ó ti ṣí ìwé, ó ti mú bírò. Iṣẹ́ tí wọ́n ní kí n kọ́ ọ ló ń ṣe yẹn gan-an.

"N kò mọ̀," mo ní, mo sì fi orúnkún ti kọ́bọ́ọ̀dù.